Ta Ló Ni Ojú Títì? Ìtàn Eré Ìje Kan àti Ìdílé Wa

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹnìkan kì í dédé sáré nínú ẹ̀gún. Bí kò bá lé nǹkan, nǹkan ń lé e. Ṣùgbọ́n irú eré kan wà lóde òní tí ó dà bí ẹni pé kò bá òwe yìí mu. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn á kó jọ sójú títì, ọmọdé àti àgbà, wọn á sáré láti ibì kan dé ibòmíràn, wọn á mu omi, wọn á sì gba ilé wọn lọ. Ẹni tó bá wò ó lásán lè pè é ní iṣẹ́ òfo. Nínú àròkọ yìí, mo fẹ́ fi ìtàn hàn pé eré ojú títì kì í ṣe iṣẹ́ òfo fún àwọn obìnrin. Nǹkan lé wọn, wọ́n sì lé nǹkan. Mo tún fẹ́ fi hàn pé àwọn obìnrin tó ṣí ọ̀nà yìí kò dá ṣí i. Ẹnìkan wà nílé tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn tó bá wọn ti ilẹ̀kùn náà.

Ohun tó mú mi wá ìtàn yìí kiri kò ju pátákó ìkéde kan lọ. Nígbà tí mo wà ní SS1, wọ́n lẹ ìwé mọ́ pátákó ilé-ìwé wa n'Ìbàdàn láti fi àwọn eré tí a máa sá ní íńtáháòsì hàn wá. Tàwọn ọkùnrin bẹ̀rẹ̀ láti 100 mítà títí dé 5,000 mítà. Tàwọn obìnrin dúró sí 800 mítà. Mo lọ bá olùkọ́ eré ìdárayá wa, mo kúnlẹ̀, mo sì béèrè ìdí rẹ̀. Wọn kò bínú sí mi. Wọ́n ní bí àwọn náà ṣe bá a nìyẹn, àti pé ara obìnrin kò lè gbé eré gígùn. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún màmá mi nílé, wọ́n gbé ṣíbí ọbẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ní, "Ọ̀rọ̀ yẹn ò tíì tán nílẹ̀?"

Ìgbà náà ni wọ́n sọ ìtàn tiwọn fún mi. Ní ọdún 1996, màmá mi jẹ́ ọmọ ọdún 16, bí èmi náà ti jẹ́ báyìí. Àwọn ará àdúgbò péjọ sílé ẹni tó ní jẹnẹrétọ̀ láti wo ìdíje Olympics tó ń lọ ní Atlanta. Wọ́n rí Falilat Ogunkoya, ọmọ Yorùbá bíi tiwa, tó ṣe ipò kẹta nínú eré 400 mítà obìnrin, tó fi ìṣẹ́jú àáyá 49.10 sá a. Wọ́n tún rí i nígbà tí òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gba fàdákà nínú eré tí àwọn mẹ́rin ti ń gba ọ̀pá lọ́wọ́ ara wọn. Láti ọjọ́ náà ni màmá mi ti ń jí ní ìdájí, tí wọ́n ń sáré yí pápá ilé-ìwé tó wà nítòsí ilé wọn ká. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí Màmá àgbà, ìyá tó bí wọn, fi dá wọn dúró. Màmá àgbà ní obìnrin tó bá ń sá irú eré bẹ́ẹ̀, ilé ọmọ rẹ̀ á yẹ̀. Bí eré màmá mi ṣe parí nìyẹn.

Nígbà tí mo wá ọ̀rọ̀ yìí lọ sínú ìwé àti sórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo rí ohun kan tó yà mí lẹ́nu. Olympics ọdún 1996 yẹn gan-an ni wọ́n kọ́kọ́ gba àwọn obìnrin láyè láti sá 5,000 mítà. Wang Junxia, ọmọ ilẹ̀ Ṣáínà, ló gba wúrà rẹ̀. Àwọn ọkùnrin sì ti ń sá eré kan náà ní Olympics láti ọdún 1912. Kí ló fa ọdún 84 tó wà láàárín?

Ìdáhùn rẹ̀ wà ní Amsterdam, ní ọdún 1928. Ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ jẹ́ kí àwọn obìnrin sá 800 mítà nínú Olympics. Obìnrin mẹ́sàn-án ló dé àṣekágbá. Lina Radke, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, ló gba ipò kìíní. Ó lo ìṣẹ́jú 2 àti ìṣẹ́jú àáyá 16.8, èyí tí obìnrin kankan kò tíì sá rí nígbà náà. Kinue Hitomi láti ilẹ̀ Japan ló ṣe ipò kejì. Ó rẹ àwọn kan nínú wọn lẹ́yìn eré náà, wọ́n sì nà sílẹ̀, bí àwọn ọkùnrin náà ṣe máa ń ṣe. Ṣùgbọ́n àwọn ìwé ìròyìn kan gbé e pé ńṣe ni àwọn obìnrin náà ń ṣubú lulẹ̀ lójú eré, pé àwọn kan kò tilẹ̀ parí. Irọ́ ni. Mẹ́sàn-án ló bẹ̀rẹ̀, mẹ́sàn-án ló parí. Àmọ́ irọ́ náà ti wọ àwọn aláṣẹ létí, wọ́n sì yọ eré náà kúrò. Títí di ọdún 1960, nígbà tí wọ́n dá a padà ní Rome, kò sí obìnrin tó tún sá ju 200 mítà lọ ní Olympics. Àwọn baba wa ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Irọ́ yìí lọ fún ọdún 32.

Ojú títì ni òtítọ́ ti bá a. Ní ọdún 1966, obìnrin kan tó ń jẹ́ Bobbi Gibb kọ̀wé sí àwọn tó ń ṣètò Boston Marathon ní Amẹ́ríkà pé òun fẹ́ sá eré náà, tó gùn tó máìlì 26. Wọ́n dá a lóhùn pé ara obìnrin kò lè gbé e. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ tí olùkọ́ wa sọ fún mi ti lọ́jọ́ lórí! Gibb wọ bọ́ọ̀sì láti California, ó gbé e fún ọjọ́ mélòó kan kó tó dé ilé àwọn òbí rẹ̀. Bàbá rẹ̀ kò fara mọ́ ọn rárá. Ìyá rẹ̀ ni ó wa mọ́tò gbé e dé Hopkinton, níbi tí eré náà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ó fara pa mọ́ sínú igbó kékeré kan. Nígbà tí apá kan nínú àwọn ọkùnrin ti kọjá, ó bọ́ sójú títì láàárín wọn. Kò pẹ́ tí àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ fi mọ̀ pé obìnrin ni. Dípò kí wọ́n lé e, wọ́n ní àwọn kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lé e kúrò. Ó parí láàárín wákàtí 3 àti ìṣẹ́jú 21, ó sì ṣáájú ọ̀pọ̀ ọkùnrin.

Ọdún kejì rẹ̀, ìyẹn 1967, Kathrine Switzer kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní K. V. Switzer, wọ́n sì fún un ní nọ́ńbà 261. Arúgbó kan tó ń jẹ́ Arnie Briggs ló ń bá a ṣe ìdánrawò. Briggs ti sá Boston lọ́pọ̀ ìgbà, òun náà kò sì gbà tẹ́lẹ̀ pé obìnrin lè sá a. Ó ní bí Switzer bá lè fi hàn òun nínú ìdánrawò, òun máa mú un lọ. Switzer fi hàn án, Briggs sì mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ. Lójú eré náà, Jock Semple, ọ̀kan nínú àwọn aláṣẹ ìdíje, sáré bọ́ sílẹ̀, ó fẹ́ já nọ́ńbà náà kúrò lára rẹ̀. Ọ̀rẹ́kùnrin Switzer fi èjìká ti Semple sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Àwọn oníròyìn ya fọ́tò rẹ̀, fọ́tò náà sì tàn káyé. Switzer parí eré rẹ̀. Ní ọdún 1972, àwọn aláṣẹ Boston gba àwọn obìnrin wọlé gẹ́gẹ́ bí olùdíje. Mẹ́jọ ló bẹ̀rẹ̀, mẹ́jọ ló parí. Nina Kuscsik ló ṣáájú wọn.

Ibí yìí ni ìtàn náà ti dé ìlú tí ìdílé wa ti sáré. Falmouth ni orúkọ rẹ̀, ìlú etí òkun ni ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, kò sì jìnnà púpọ̀ sí Boston. Ní ọdún 1972, ọkùnrin kan tó ń ta ọtí níbẹ̀, Tommy Leonard, wo Frank Shorter lórí tẹlifíṣọ̀n bó ṣe gba wúrà nínú eré marathon ní Munich. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó pinnu pé ìlú Falmouth náà gbọ́dọ̀ ní eré ìje tirẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1973, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣe é: máìlì méje, nǹkan bíi kìlómítà 11.3, láti Woods Hole dé Falmouth Heights, láti ilé ọtí kan dé òmíràn. Òjò rọ̀ lọ́jọ́ náà. Àwọn tó sá a kò tó 100. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, Shorter fúnra rẹ̀ wá sá a, ó sì borí. Lónìí, àwọn tó ń sá a lé ní 10,000. Ohun tó wú mi lórí jù ni pé obìnrin wà nínú àwọn tó sá a láti ọdún àkọ́kọ́. Kò sí ẹni tó ní láti sá pamọ́ sínú igbó. Joan Benoit, ẹni tó gba wúrà marathon obìnrin nígbà àkọ́kọ́ tí wọ́n sá a ní Olympics, ní Los Angeles ní ọdún 1984, ti borí ní Falmouth ju ẹ̀ẹ̀kan lọ kó tó dé ibẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n màmá mi, tí àwa ọmọ ń pè ní Mọ́mì Amẹ́ríkà, ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ìlú yìí. Màmá àgbà ti ń gbé lọ́dọ̀ wọn láti ọdún méjì sẹ́yìn. Nígbà ìsinmi ọlọ́jọ́ gígùn tó kọjá, èmi àti màmá mi lọ kí wọn. Mọ́mì Amẹ́ríkà ti fi orúkọ gbogbo wa sínú ìbò tí wọ́n fi ń yan àwọn tó máa sáré, orúkọ wa sì jáde: Mọ́mì Amẹ́ríkà, ọmọ wọn ọkùnrin tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n mi, màmá mi tó jẹ́ ọmọ ọdún 44, àti èmi. Màmá mi ti ń ṣe ìdánrawò láti oṣù Kẹrin n'Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n wọn kò sọ ọ́ fún Màmá àgbà lórí fóònù. Ọjọ́ tí a débẹ̀ ni Màmá àgbà rí bàtà kánfáàsì wọn lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n wò ó títí, wọ́n ní, "Ìwọ náà?" Wọn kò sì sọ nǹkan mìíràn mọ́.

Ọjọ́ Àìkú ni eré náà. Bọ́ọ̀sì gbé wa lọ sí Woods Hole láàárọ̀ kùtù. Àwọn tó ń fi kẹ̀kẹ́ arọ sáré ló ṣáájú wa gbéra. Àwọn náà ní ìtàn tiwọn. Ní ọdún 1975, Bob Hall, tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti bá jà láti kékeré, tọrọ àyè láti fi kẹ̀kẹ́ sá Boston. Wọ́n ní bó bá parí kí wákàtí mẹ́ta tó pé, àwọn máa fún un ní ìwé ẹ̀rí. Ó parí ní wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 58. Bí ẹnìkan bá ti gba ọ̀nà kan kọjá, ẹlòmíràn á tọ ipasẹ̀ rẹ̀.

Máìlì mẹ́ta àkọ́kọ́ ní òkè àti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ṣùgbọ́n igi ṣíji bo ọ̀nà náà. A kọjá ilé iná Nobska, tí wọ́n kọ́ sétí òkun láti máa tọ́ ọkọ̀ ojú omi sọ́nà. Lẹ́yìn náà ni igi tán. Títì náà gba etí òkun lọ gbọọrọ, oòrùn sì ń ta sí wa lórí bí ti oṣù Kẹta n'Ìbàdàn. Àwọn onílé dúró lẹ́nu ọ̀nà wọn, wọ́n ń fi rọ́bà omi fọ́n omi sí wa lára. Ibẹ̀ ni mo ti rántí ohun tí mo kà nípa ọdún 1978. Lọ́dún náà, Alberto Salazar, ọmọ ọdún 20, sá eré Falmouth débi pé ooru fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Wọ́n gbé e sínú omi yìnyín, wọ́n sì pe àlùfáà sí i, nítorí wọ́n rò pé kò ní yè é. Ó yè é, ó sì gba ipò kìíní nínú New York City Marathon ní 1980, 1981 àti 1982.

Ẹ jẹ́ ká fi ìtàn méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ní 1928, wọ́n ní àwọn obìnrin kan ṣubú, èyí tí kò rí bẹ́ẹ̀, wọ́n sì fi ọdún 32 gbé eré kúrò lọ́wọ́ gbogbo obìnrin. Ní 1978, ọkùnrin kan ṣubú ní tòótọ́, ó kù díẹ̀ kó kú, kò sì sí ẹni tó ní kí ọkùnrin má sáré mọ́. Yìnyín ni wọ́n wá. Nítorí náà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ara ló wà nídìí rẹ̀. Ara ọkùnrin náà máa ń rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹni tí a gbà pé ojú títì jẹ́ tirẹ̀ ni.

Mo parí ní wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 17. Ẹ̀gbọ́n mi ti dé ṣáájú mi. Òkè kan wà nítòsí ìparí eré náà, Màmá àgbà sì jókòó sórí àga ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, pẹ̀lú ìró àti bùbá àti fìlà oòrùn. Mo rìn padà lọ bá wọn. A jọ ń wo ojú àwọn tó ń bọ̀. Mọ́mì Amẹ́ríkà kọjá, wọ́n juwọ́ sí wa. Lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, màmá mi yọ. Ojú wọn pọ́n, ọ̀nà kò sì ní pẹ́ gun òkè. Màmá àgbà dìde. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí ki màmá mi ní oríkì, ohùn wọn sì ròkè ju ti gbogbo àwọn òyìnbó tó ń pariwo níbẹ̀ lọ. Wọ́n bá wọn rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì títí ẹsẹ̀ wọn kò fi lè gbé òkè náà mọ́. Màmá mi kò dúró. Wọ́n gun òkè náà.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, lẹ́yìn tí a ti jẹ àmàlà tán, Màmá àgbà sọ ohun tí màmá mi fúnra wọn kò gbọ́ rí. Ní oṣù Kìíní ọdún 1973, wọ́n wà nílé-ìwé girama nílùú Èkó, àwọn olùkọ́ sì kó wọn lọ sí pápá ìṣeré Surulere láti wo ìdíje gbogbo Áfíríkà. Wọ́n fojú ara wọn rí Modupe Oshikoya, ọmọ ọdún 18 bíi tiwọn, tó gba wúrà mẹ́ta: ti fífò gígùn, ti fífò sókè, àti ti 100 mítà tí wọ́n ń fo ìdènà. Ní ọdún kejì, Oshikoya tún gba wúrà fífò gígùn ní ìdíje Commonwealth ní Christchurch. Màmá àgbà náà ń sáré nígbà náà. Bàbá wọn ló ní kí wọ́n yé e, pé ilé ọmọ wọn á yẹ̀. Wọ́n yé e. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n gbọ́ lẹ́nu bàbá wọn ni wọ́n tún fi dá màmá mi dúró ní 1996. Nígbà tí wọ́n sọ ọ́ tán, wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wá bi Mọ́mì Amẹ́ríkà léèrè pé, "Ìgbà wo ni wọ́n tún máa sá a?"

Mo ronú sí i gan-an. Oṣù méje péré ló wà láàárín ìdíje Surulere àti eré Falmouth àkọ́kọ́. Ọdún kan náà ni. Àpẹẹrẹ rere wà nílé wa níbí kí a tó máa wò ó lókèèrè. Àwọn obìnrin wa gba wúrà lójú gbogbo ayé, síbẹ̀ ìyẹn nìkan kò tó láti jẹ́ kí ọmọbìnrin tó wà nínú ilé lè sáré. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé kò tó kí a ka orúkọ àwọn akọni obìnrin nìkan nínú ìtàn. Ẹ jẹ́ ká ka ìyá Bobbi Gibb mọ́ wọn, tó wa mọ́tò. Ẹ jẹ́ ká ka Arnie Briggs mọ́ wọn, tó yí èrò rẹ̀ padà nígbà tó rí ẹ̀rí. Ẹ jẹ́ ká ka àwọn ọkùnrin tí a kò mọ orúkọ wọn mọ́ wọn, àwọn tó ní àwọn kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lé obìnrin kúrò láàárín àwọn.

Nígbà tí a wọlé ní SS2, màmá mi tẹ̀lé mi lọ rí olùkọ́ eré ìdárayá wa. Mo mú ìwé tí mo kọ ìtàn ọdún 1928 àti 1996 sí lọ́wọ́. Olùkọ́ wa kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Wọ́n ní bí mo bá rí ọmọbìnrin mẹ́rin mìíràn, àwọn máa kọ 5,000 mítà obìnrin sára pátákó. Mo rí mẹ́rin. Òbí méjì kọ́kọ́ kọ̀, màmá mi sì lọ bá wọn sọ̀rọ̀ nílé. Lọ́jọ́ íńtáháòsì, a sáré yí pápá náà ká lẹ́ẹ̀méjìlá ààbọ̀. Èmi kọ́ ni mo ṣe ipò kìíní, ipò kẹta ni mo ṣe. Àmọ́ ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n kọ sínú ìwé ìrántí ilé-ìwé wa ni èyí: àwa márùn-ún la bẹ̀rẹ̀, àwa márùn-ún la parí.

Ẹ̀yin òbí wa àti ẹ̀yin olùkọ́ wa, bí ọmọbìnrin kan bá wá bá yín pé òun fẹ́ sá eré tó gùn, ẹ má kọ́kọ́ rántí ohun tí wọ́n sọ fún yín. Ẹ bi í pé aago mélòó ló fẹ́ jí, kí ẹ sì ṣílẹ̀kùn fún un.